Ohun Tó Dì Kì Í Bàjẹ́

Ọdún mẹ́tàlélógún ni ọkọ aránṣọ ti ń ṣọ́ òtútù. Kì í ta ẹja, kì í sì í gé e. Iṣẹ́ tirẹ̀ ní ilé ìpamọ́ ẹja náà ni pé kí òtútù má ṣe dín. Yàrá mẹ́ta ló wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Èkíní tutù bí omi kànga, èkejì tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀kẹta ni wọ́n ń pè ní Yàrá Ńlá, níbi tí ẹja ti ń le bí igi ìdáná, tí èémí ń di funfun lẹ́nu ènìyàn. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà Yàrá Ńlá tó ń wọn òtútù. Ìgbà mẹ́ta lójúmọ́ ló ń wò ó, tó sì ń kọ ohun tó bá rí sínú ìwé. Bó bá ti jẹ́ méjìdínlógún lábẹ́ òdo, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bó bá fi ìwọ̀n méjì péré gòkè, kò ní jókòó títí yóò fi rí ìdí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí náà kò ju ọ̀kan lọ: ẹnìkan ló ṣí ilẹ̀kùn tí kò tì í.

Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ sọ ọ́ ní Baba Òtútù, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tuntun tó bá wọṣẹ́: “Ohun tó dì kì í bàjẹ́. Ohun tó ń yọ́ ló ń bàjẹ́.” Kò tún sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti gbé ẹja tó lo oṣù mẹ́jọ jáde nínú Yàrá Ńlá rí, tí wọ́n sè é, tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé kì í ṣe ti àná.

Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé wọn. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò, irú èyí tí ènìyàn ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn kí abẹ́rẹ́ tó rìn. Àwọn oníbàárà a máa bá a ṣàwàdà pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń ránṣọ, pé ọwọ́ rẹ̀ kàn ń bá a di aṣọ mú ni. Kì í bá wọn jiyàn. Ẹsẹ̀ yẹn ló ti ń bọ́ ọ láti ìgbà ọ̀dọ́, kò sì kọ́ iṣẹ́ mìíràn.

Nígbà tí àtọ̀gbẹ mú un, oògùn oníhóró ló kọ́kọ́ ń lò. Lẹ́yìn ọdún méjì, dókítà ní hóró kò ká a mọ́, abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ló kù. Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó àwọn alátọ̀gbẹ kọ́ tọkọtaya náà bí wọ́n ṣe ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń gún un sí ikùn. Ó fún wọn ní ìgò kékeré kan. Òun náà ló sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ fún wọn.

“Ìyá, bí ṣúgà yìí bá ń ga báyìí lọ, ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jìyà ẹ̀. Egbò tí kò tó nǹkan lè di ohun tí wọ́n á torí ẹ̀ gé e.”

Aránṣọ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ìyá tí wọ́n bú ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti fi ẹnu ara rẹ̀ sábẹ́ òfin. Ó fi ife kékeré wọn ìrẹsì. Ó ń mu tíì láìsí ṣúgà, ó ní ó dà bí omi tí wọ́n fi fọ ewé, ṣùgbọ́n ó ń mu ún. Ìgò oògùn àkọ́kọ́ náà, inú agolo ni wọ́n gbé e sí, wọ́n gbé agolo sínú abọ́ omi lábẹ́ fèrèsé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣúgà tó wà ní mọ́kàndínlógún já wá sí mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì mú un lọ́wọ́ dìde kí àwọn aláìsàn yòókù lè rí i.

“Ẹ wo ìyá yìí dáadáa,” ló wí. “Ẹni tó bá gbọ́ràn, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.”

Lọ́jọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì kó ìgò mẹ́rin fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n lè sinmi lílọ-bíbọ̀. Ìlà àwọn tó ń dúró gùn dé ẹnu géètì. Bó ṣe ń kọ orúkọ ẹni tó kàn ló ń sọ fún wọn pé, “Ibi tó tutù ni kí ẹ máa tọ́jú wọn sí o. Ooru ni ọ̀tá wọn.”

Baba Òtútù rẹ́rìn-ín. “Nọ́ọ̀sì, ẹja lẹ ń kọ́ ní ìwẹ̀ yìí.”

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó sì pe ẹni tó kàn. Ìwé pélébé kan wà nínú páálí oògùn kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà rẹ̀ wẹ́ bí èèrà. Ọkùnrin náà mọ̀wé kà. Kò kà á, nítorí pé ẹni tó mọ ọ̀nà oko baba rẹ̀ kì í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àlejò.

Fíríìjì kò sí nílé wọn. Èyí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ti kú, iná mànàmáná kì í sì í dúró tó èyí tí wọn yóò fi ra òmíràn. Àmọ́ kí ló fẹ́ fi fíríìjì ilé ṣe, òun tí Yàrá Ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ó kó ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ síbi iṣẹ́, ó di wọ́n sínú ọ̀rá méjì, ó gbé wọn sí àjà òkè pátápátá, níbi tó tutù jù. Alábàárù tó ń kó páálí ẹja, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀yìn Irin, rí i.

“Baba Òtútù, irú ẹja wo la tún rí gbà báyìí?”

“Oògùn ìyá wa ni. Má fọwọ́ kàn án.”

“Inú Yàrá Ńlá? Ìyá wa rí ayé. Ìyàwó tèmi ò rí yìnyín fi sómi mu.”

“Ìwọ ni o ò fẹ́ràn ìyàwó ẹ.”

Ẹ̀yìn Irin rẹ́rìn-ín títí tó fi sọ ẹrù kalẹ̀. Baba Òtútù ti ilẹ̀kùn, inú rẹ̀ sì dùn. Kò tíì rí ohun tó lè fún ìyàwó rẹ̀ látibi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí, yàtọ̀ sí ẹja.

Nígbà tí ìgò àkọ́kọ́ tán, ó mú ọ̀kan wá sílé nínú àwọn mẹ́rin náà. Ó le gbagidi. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi yọ́ ọ bó ṣe ń rìn bọ̀. Nígbà tí aránṣọ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó rí àwọn hóró funfun wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò náà.

“Ti àkọ́kọ́ ò rí báyìí,” ló sọ.

“Ti àkọ́kọ́ ò tutù tó báyìí.”

Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó mì ín títí àwọn hóró náà fi fọ́. Ó ní oògùn tó bá lágbára kì í ṣaláì ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Aránṣọ gún un.

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà nílé ìwòsàn sọ pé mẹ́tàdínlógún. Nọ́ọ̀sì yí ẹ̀rọ náà wò, ó tún ìka mìíràn gún. Mẹ́tàdínlógún náà ni.

“Ìyá, kí lẹ jẹ?”

“Ohun tí ẹ ní kí n máa jẹ.”

“Kí lẹ tún jẹ lẹ́yìn ẹ̀?”

“Mi ò jẹ nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì yínmú. Ó fi kún iye oògùn náà. Ní oṣù kejì, ogún. Ó tún fi kún un. Ó ní, “Ẹ̀rọ yìí ò mọ̀ yín rí, kò sì bá yín ṣọ̀tá. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, ìyá. Bí ẹ bá ń jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀, ó ń jáde síta gbangba níbí.” Àwọn tó wà lórí ìjókòó gbọ́. Aránṣọ wolẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ojú ń tì í fún un, ó sì ń rò ó bí ó ṣe máa ń ro ọ̀rọ̀ Yàrá Ńlá. Ẹ̀rọ kì í purọ́. Bí ohun tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ bá gòkè, ẹnìkan ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn wo ló wà lára ènìyàn bí kò ṣe ẹnu?

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ nìyẹn. Ó ń wo gígùn búrẹ́dì kó tó jáde, ó tún ń wò ó nígbà tó bá dé. Ó ń gbóòórùn ife. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó rí ọ̀rá bísíkíìtì lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó mú un dání wọ yàrá, ó gbé e lé orí àga bí ẹni gbé ẹ̀rí kalẹ̀ ní kóòtù.

“Kí nìyí?”

“Ọ̀rá bísíkíìtì.”

“Ta ló jẹ ẹ́?”

“Ọmọ oníbàárà tó wá gba ṣòkòtò ọkọ ẹ̀ ni. Ìyá ẹ̀ fún un jẹ kó má baà sunkún.”

“Lójoojúmọ́ ni ọmọ yẹn ń wá?”

Aránṣọ dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. “Bàbá ilé, ẹ wò mí. Ọdún mélòó la ti jọ wà? Ṣé mo ti purọ́ oúnjẹ fún yín rí?”

“Kì í ṣe èmi lo ń purọ́ fún. Ara ẹ ni.”

“Mi ò jẹ ẹ́.”

“Kí ló wá gbé e gòkè?”

“Èmi ni kí n mọ̀? Èmi tí mi ò mọ̀wé? Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, ẹ bá mi wádìí ẹ̀.”

Kò wádìí rẹ̀. Ó ra ìtìlẹ̀kùn fún ilé ìdáná, ó sì ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Òun ló ń bu oúnjẹ fún un ní àárọ̀, tó ń bu ti ọ̀sán sílẹ̀ nínú abọ́ tó ní ìdérí, tó ń bu ti ìrọ̀lẹ́ nígbà tó bá dé. Obìnrin náà kò jà. Lọ́jọ́ kìíní tó rí ìtìlẹ̀kùn náà, ó dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Nínú ilé ara mi, mo ti di olè,” ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Pẹ̀lú ìtìlẹ̀kùn náà, ṣúgà lọ sí méjìlélógún. Ó yẹ kí ìyẹn là á lójú. Ènìyàn tí wọ́n ti ilé oúnjẹ mọ́, tí ṣúgà rẹ̀ tún ń ga, ó yẹ kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ bi ara rẹ̀ léèrè nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dá ẹjọ́ tán kì í gbọ́ ẹlẹ́rìí mọ́. Ó ní àwọn aládùúgbò ló ń fún un jẹ. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó sọ fún un, ẹ̀gbọ́n náà sì wá sílé wá bá aránṣọ wí.

“Ìyàwó wa, ṣé ẹnu ò ṣé dì ni? Ọkọ ẹ ń ru oògùn kiri fún ẹ, ìwọ ń fi bísíkíìtì lé e jáde.”

“Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́.”

“O gbọ́, o ò ṣe é. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ní wọ́n máa gé o. Ṣé o fẹ́ kí àbúrò mi máa pọ̀n ẹ́ ni?”

“Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n.”

Nígbà tí wọ́n bá ti bá ènìyàn dé ibi tí àlàyé kò ti wúlò mọ́, “mo gbọ́” ló kù.

Ní oṣù kẹrin, Baba Òtútù ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá àmì ẹsẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ nílẹ̀ ilé. Àmì náà bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ, ó lọ sídìí fèrèsé, ó padà, ó tún gba ẹ̀yìn lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni. Aránṣọ ń ti ẹ̀yìn bọ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ti lọ̀ lápá. Ó rí bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń wolẹ̀, òun náà wolẹ̀.

“Ta ló fẹ̀jẹ̀ tẹ ilé?” ló bi í.

“Jókòó,” ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan ara rẹ̀. Píìnì tí wọ́n fi ń gán aṣọ ti wọlé sí àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí, nísàlẹ̀ àtàǹpàkò. Láti ọ̀sán ló ti ń fi tẹ ẹ̀rọ, tó sì ń fi rìn. Ọkọ rẹ̀ fi ìka fà á yọ. Obìnrin náà ń wo ojú rẹ̀, kò wo ẹsẹ̀.

“Ṣé ẹ ti yọ ọ́?”

“Ṣé o ò mọ̀ ọ́n lára?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n.”

Wọ́n jókòó síbẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù mẹ́rin, kò sí ẹni tó fẹ̀sùn kan ẹnì kejì.

Egbò náà kò jinná. Wọ́n ń fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ ní àràárọ̀, wọ́n ń dì í, ó ń jẹ inú lọ. Ó kọ́kọ́ pupa, lẹ́yìn náà ó fẹ́ dúdú létí. Òórùn rẹ̀ gba yàrá iwájú, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́nu ọ̀nà láti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ rán. Aránṣọ fi ẹsẹ̀ òsì nìkan tẹ ẹ̀rọ, ojú ìránṣọ sì ń wọ́ bí ọ̀nà ejò. Ó tú èyí tó rán, ó tún un rán, ó tún tú u. Ní ọjọ́ tí ibà mú un tó ń gbọ̀n, ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì fún un ní ibùsùn.

Nígbà tí wọ́n dé, yàrá oògùn ilé ìwòsàn náà ti tì. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà nídìí àwọn aláìsàn, obìnrin arúgbó tí awò rẹ̀ jókòó sí ṣóńṣó imú, bi ọkọ rẹ̀ bóyá oògùn kù nílé.

“Ìgò kan kù. Níbi iṣẹ́ mi ló wà.”

“Ẹ bá wa mú un wá, kí a fi rọ́jú di òwúrọ̀.”

Ó lọ mú un. Kí ó má baà yọ́ lójú ọ̀nà, ó fi yìnyín yí i ká nínú páálí ẹja kékeré, ó fi aṣọ dì í, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Ó wú u lórí bí ó ṣe gbé e kalẹ̀ níwájú nọ́ọ̀sì àgbà náà. Nọ́ọ̀sì tú aṣọ, ó mú ìgò náà jáde. Ìrì yìnyín bò ó funfun. Ó fi orí èékánná kàn án, ó dún kó. Ó rọra gbé e sórí tábìlì. Ìyẹn náà dún bí òkúta.

“Bàbá, níbo lẹ ń tọ́jú èyí sí?”

“Yàrá Ńlá, níbi tí wọ́n ń kó ẹja sí. Méjìdínlógún lábẹ́ òdo. Kò fi ìwọ̀n kan gòkè láti oṣù mẹ́rin. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ rí i.”

Nọ́ọ̀sì yọ awò lójú. “Àwọn yòókù ńkọ́? Èyí tí ìyá ti lò?”

“Ibẹ̀ náà ni. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.”

“Kí wọ́n tó dé ibẹ̀?”

“Ọ̀kan la kọ́kọ́ gbà. Inú omi la gbé ìyẹn sí, nílé. A ò tíì rónú ẹ̀ dáadáa nígbà yẹn.”

Obìnrin náà fa àga kan sún mọ́ ọn. “Ẹ jókòó, bàbá.”

Ó jókòó.

“Oògùn yìí ò gbọ́dọ̀ dì. Bó bá ti dì lẹ́ẹ̀kan, ó ti kú. Bó tiẹ̀ yọ́, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Omi lásán ni.”

“Wọ́n ní ibi tó tutù.”

“Ibi tó tutù ni. Bí omi inú ìkòkò. Bí fíríìjì, lápá ìsàlẹ̀.”

“Ohun tó dì kì í bàjẹ́,” ló sọ. Kò bá a jiyàn. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

“Ẹja kọ́ nìyí, bàbá.”

Ó tún bi í bóyá yóò ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Rárá. Bóyá bí wọ́n bá mì ín dáadáa. Rárá. Ó bi í bóyá ó wà nínú ìwé. Nọ́ọ̀sì àgbà náà mú páálí oògùn kan láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tú ìwé pélébé inú rẹ̀, ó fi ìka sí ìlà kan. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ló wà lórí ìlà náà. Baba Òtútù kà á. Ó mọ gbogbo wọn.

“Wọ́n ní ó ń jẹ bísíkíìtì,” ló wí.

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Nọ́ọ̀sì tibí. Lẹ́yìn náà, èmi.”

Ní òwúrọ̀, wọ́n fún aránṣọ ní oògùn tó wà láàyè. Ìwọ̀n kékeré ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tún padà sí, nítorí pé bí wọ́n bá fún un ní iye ńlá tí wọ́n ti ń pọ̀ sí i láti oṣù mẹ́rin, yóò pa á kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ní ọjọ́ kejì, ṣúgà wá sí mẹ́rìnlá. Ní ọjọ́ kẹta, mẹ́wàá. Àmọ́ ẹ̀pa kò bóró mọ́. Dókítà tú ẹsẹ̀ náà, ó fi ìka tẹ awọ rẹ̀ títí dé kókósẹ̀, ó ní dúdú náà ti ń gòkè, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ yóò mú gbogbo rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n fi gígé rẹ̀ sí.

Baba Òtútù gbé àga sún mọ́ ibùsùn ìyàwó rẹ̀, ó sì sọ fún un. Kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́, kò sì sunkún. Ó sọ bí ó ṣe gbé ìgò náà sí àjà òkè, bí ó ṣe dì, bí ó ṣe kú. Obìnrin náà gbọ́ ọ dé òpin.

“Ẹ tún un sọ.”

Ó tún un sọ.

“Oògùn tí mo ń gún ló ti kú.”

“Òun ni.”

“Kì í ṣe pé mo jẹ nǹkan kan.”

“O ò jẹ nǹkan kan.”

Ó yíjú sí ògiri. Ohùn rẹ̀ kò ga. “Ẹ lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín. Àti nọ́ọ̀sì yẹn. Lójú àwọn tó jókòó lọ́jọ́ yẹn.”

Ó dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé ohun kan wà tí wọ́n rán an. Ó lọ sí yàrá àwọn alátọ̀gbẹ. Nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ kò mọ aránṣọ rí, àwọn tó wà lórí ìjókòó náà kì í sì í ṣe àwọn ti ìgbà yẹn. Síbẹ̀ ó dúró láàárín wọn, ó ní ìyàwó òun kò jẹ bísíkíìtì. Wọ́n wò ó. Ọkùnrin kan ní, “Ẹ kú ìnira, bàbá,” ó sì sún kí ó lè jókòó.

Láti ibẹ̀ ó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ń ká aṣọ. Ó jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Oògùn tutù jù, ó wá kú.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Oògùn. Tutù jù.” Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin. “Àbúrò mi, mo mọ̀ pé àánú ẹ̀ ń ṣe ẹ́. Ẹsẹ̀ ìyàwó ẹni kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n má torí ẹ̀ gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tìrẹ.”

“Tèmi ni.”

“Àwa la jọ rí ọ̀rá bísíkíìtì.”

“Èmi nìkan ni mo rí i. Mo sọ fún yín ni.”

“Ìwọ lo sọ fún mi,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, “mo sì gbà ẹ́ gbọ́. Mo ṣì gbà ẹ́ gbọ́.”

Ó ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ. Ó mú ọ̀rọ̀ ẹja wá, ó mú ọ̀rọ̀ omi inú ìkòkò wá. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ àtijọ́ ti fẹsẹ̀ rinlẹ̀ nínú obìnrin náà, èyí tuntun kò rí ibi jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bu omi fún un mu, ó sì ní kó lọ sinmi.

Ní ọjọ́ kẹrin, kí wọ́n tó gbé aránṣọ wọlé, dókítà mú ìwé ìfọwọ́sí wá, ó na bírò sí ọkọ rẹ̀.

“Ẹ buwọ́ lù ú níbí.”

“Kí ló wà nínú ẹ̀?”

“Pé ẹ gbà kí a ṣe iṣẹ́ abẹ náà.”

“Mo fẹ́ kà á.”

Dókítà wo aago. Baba Òtútù kà á láti òkè. Nígbà tó dé ọ̀rọ̀ tí kò yé e, ó dúró, ó bi í. Ó bi í ní ìtumọ̀ oògùn tí wọn yóò fi kun ìyàwó rẹ̀ lóorun. Ó bi í kí ni “ìsàlẹ̀ orúnkún,” bóyá ibi tí egungun ti yọ ni tàbí nísàlẹ̀ díẹ̀. Dókítà fi ọwọ́ hàn án lára ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó bi í bóyá ọ̀nà mìíràn wà tí ìwé náà kò kọ. Kò sí. Ó ka èyí tó kù, ó dé ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti yé e, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí yíyé rẹ̀ lè yí padà.

“Ẹ buwọ́ lù ú,” ni aránṣọ wí láti orí ibùsùn. “Ẹ má dá wọn dúró.”

Ó buwọ́ lù ú.

Nọ́ọ̀sì àgbà wá gún ìka aránṣọ fún ìgbà ìkẹyìn kí wọ́n tó gbé e. Ó dúró de ẹ̀rọ, ó wò ó.

“Méje,” ló wí. “Méje géérégé, ìyá. Kò tún lè dára ju báyìí lọ.”

Aránṣọ gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Mo máa kọ ọ́.”

“Ẹ kọ ọ́ nísinsìnyí, kí n rí i.”

Nọ́ọ̀sì mú bébà tó wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn, ó kọ méje sórí rẹ̀, ó yí i sí i kó lè rí i. Aránṣọ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà, nítorí teèpù tó fi ń wọn aṣọ. Ó wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ó gbé orí padà, wọ́n sì tì í lọ.